Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ẹ̀rọ tí ń Bu Fóltì fún Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà: Àgbéyẹ̀wò àti Àbá

1. Ìfáárà

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti wá ọ̀rọ̀-ìperí tí ó yẹ fún ẹ̀rọ kan tí ó fara pamọ́ sínú gbogbo kọ̀ǹpútà òde òní. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni kí ó gba iná mànàmáná tí ó jẹ́ fóltì 12 láti inú àpótí ìpèsè iná, kí ó sì sọ ọ́ di fóltì 1 tàbí kí ó lé díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá ṣe béèrè. Olùlò kì í fojú rí i, kì í sì í gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá fi ìwọ̀nba fóltì díẹ̀ ṣìṣe, ọpọlọ náà, tí ó sábà máa ń gbówó lórí ju ọ̀pọ̀ ohun tí ó yí i ká lọ, lè jóná kí ẹni tí ó ni ín tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe pé a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tuntun dárà. Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìkọ́ni ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, kò tún yẹ kí ẹnikẹ́ni máa jiyàn bóyá èdè náà lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 sì la ọ̀nà fún wa nínú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni nípa iná mànàmáná kò lè rí púpọ̀ mú níbẹ̀, nítorí pé kì í ṣe orí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni a dá ìwé náà lé. Olúkúlùkù ń dá tirẹ̀ hun ni.

Láìpẹ́ yìí ni a gbé ìwé ìkọ́ni kan tí a kò tí ì tẹ̀ jáde wá fún wa pé kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó tú u sí Yorùbá pe ẹ̀rọ tí à ń wí yìí ní “ẹ̀rọ adín-fóltì-kù tí a lè ṣètò”. Kò sí àṣìṣe gírámà kankan níbẹ̀, ó sì dùn ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gba orúkọ náà gbọ́ yóò gba irọ́ mẹ́ta gbọ́ mọ́ ọn: pé dídín fóltì kù gan-an ni iṣẹ́ ẹ̀rọ náà, pé ọ̀nà tí ó ń gbà dín in kù kò ṣe pàtàkì, àti pé ènìyàn kan ni ó ń jókòó tì í, tí ó ń ṣètò rẹ̀. A kò kọ èyí láti fi òǹtúmọ̀ náà ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí ó rí lọ́wọ́ ni ó fi ṣe é. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá fún nǹkan nínú ìwé ìkọ́ni ni ọmọ fi ń rò ó, ó sì ṣòro láti gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá ti mọ́ ọn lára.

2. Fóltì àti ìṣàn iná

Kí a tó dé orí ẹ̀rọ náà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ tún ohun kan ṣe nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa ojoojúmọ́. Nígbà tí iná bá ń tàn ràì-ràì nínú ilé, tí fáànù sì ń yí bí ẹni tí ebi ń pa, ohun tí àwọn ará ilé máa ń wí ni pé “kọ́ọ̀rẹ́ǹtì kéré” tàbí pé “lóò kọ́ọ̀rẹ́ǹtì” ni wọ́n mú wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí ó kéré ní ti gidi, tí ó fa gbogbo rẹ̀, ni fóltì. Nínú ilé, àṣìṣe yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú ọ̀rọ̀ tí a dáwọ́ lé yìí, ó lè ba gbogbo òye jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ ṣe àpẹẹrẹ. Áyọ́ọ̀nù tí ń lo wọ́ọ̀tì 1000 lórí iná fóltì 230 kò gba ìṣàn tí ó tó áńpíà 5. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí ń lo wọ́ọ̀tì 60 péré, lórí fóltì 1.2, ń gba áńpíà 50. Èyí túmọ̀ sí pé ìṣàn tí ń wọ inú ègé kékeré tí kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ yìí jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí ń wọ inú áyọ́ọ̀nù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fóltì rẹ̀ kéré ju ti òkúta tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo lọ. Ọmọ tí ó bá ti ilé bọ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ pé fóltì àti kọ́ọ̀rẹ́ǹtì jẹ́ ohun kan náà kò lè rí ìyanu tí ó wà níbẹ̀, kò sì ní mọ ìdí tí a fi nílò ẹ̀rọ pàtàkì fún un.

Nítorí náà, a dábàá pé kí a di “fóltì” mú gẹ́gẹ́ bí ó ti wà. Orúkọ ènìyàn ni, Alessandro Volta ará Ítálì, ẹni tí ó kéde bátìrì rẹ̀ fún gbogbo ayé ní 1800. A kì í sì í túmọ̀ orúkọ ènìyàn. “Ìwọ̀n fóltì” ni kí a máa pe iye tí a wọ̀n. Fún èkejì, “ìṣàn iná” tọ́, ó sì yé ọmọdé. Kí olùkọ́ má ṣe fi “iná” nìkan dúró fún èyíkéyìí nínú wọn, nítorí pé “iná” ní èdè wa ni iná tí a fi ń dáná, òun náà ni ti gílóòbù, òun náà sì ni èyí tí ń gbé ènìyàn. Ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù.

3. “Adínkù” àti “abùwọ̀n”

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà mú fóltì 12 wá sí 1.2. Ọ̀nà àkọ́kọ́, tí ó pẹ́ jù, ni láti fi tíránsítọ̀ kan dènà iná lójú ọ̀nà, bí ẹni tí ó yí ẹnu ẹ̀rọ omi tí ó sì fi í sílẹ̀ ní ìlàjì. Fóltì tí ó ṣẹ́kù máa ń pòórá sára tíránsítọ̀ náà, ó sì ń di ooru. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ìṣàn bá jẹ́ áńpíà 50, tí fóltì 10.8 sì gbọ́dọ̀ ṣègbé sójú ọ̀nà, wọ́ọ̀tì 540 ni yóò di ooru kí wọ́ọ̀tì 60 tó dé ibi tí à ń gbé e lọ. Nínú wọ́ọ̀tì 10 tí a san owó rẹ̀, 9 ni a fi yáná. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni “adínkù” yẹ, kí a sì fi orúkọ náà sílẹ̀ fún un. Èdè wa tilẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀ lọ́nà tí a kò retí: ohùn kan náà ni “dín” tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan má pọ̀ mọ́ àti “dín” tí a fi ń dín àkàrà. Ẹ̀rọ yìí ń ṣe méjèèjì pọ̀.

Ọ̀nà kejì kò dènà ohunkóhun. Tíránsítọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kì í dúró ní ìlàjì rárá. Bí kò bá so ọ̀nà pọ̀ pátápátá, yóò já a pátápátá. Nígbà tí ó bá so, fóltì orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Nígbà tí ó bá já, ìṣàn inú rẹ̀ jẹ́ òdo. Nítorí pé fóltì tí a sọ di púpọ̀ ní ìlọ́po ìṣàn ni ooru, òdo sì wà ní apá kan nígbà gbogbo, ooru kì í pọ̀. Bí ó bá so fún ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá àkókò, tí ó já fún ìdá mẹ́sàn-án tí ó kù, ìpíndọ́gba ohun tí ó jáde láti ara fóltì 12 yóò jẹ́ fóltì 1.2. Ó ń ṣe èyí ní nǹkan bí ìgbà 300,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kóìlì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kì í fẹ́ kí ìṣàn inú òun yí padà lójijì. Bí tíránsítọ̀ òkè bá já, tíránsítọ̀ kejì tí ó wà nísàlẹ̀ yóò ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ kí ìṣàn inú kóìlì lè máa bá a lọ. Lẹ́yìn kóìlì ni àwọn kàpásítọ̀ wà bí ìkòkò omi, tí wọ́n ń gba èyí tí ó pọ̀ jù, tí wọ́n sì ń dá a padà nígbà àìtó. Nínú wọ́ọ̀tì 100 tí ó bá wọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 80 sí 90 ni ó sábà máa ń dé ibi tí a fẹ́. Irú ìdarí yìí ti wà ṣáájú, ṣùgbọ́n ó di ohun tí a lè rà nínú ègé kan ṣoṣo nígbà tí Robert Mammano àti ilé-iṣẹ́ Silicon General gbé SG1524 jáde ní 1976.

Kí ẹ jọ̀wọ́ kíyèsí i pé a lo “so” àti “já” fún iṣẹ́ tíránsítọ̀. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Nínú ìwé àwọn Òyìnbó, ọ̀nà iná tí ó “ṣí” ni èyí tí iná kò gbà kọjá, èyí tí ó “pa dé” sì ni èyí tí iná ń gbà. Ní ti ọmọ Yorùbá, bí a bá ṣí ẹ̀rọ omi, omi ń jáde. Bí a bá tì í, omi dá. Òǹtúmọ̀ tí ó bá gbé “ṣí” àti “tì” wọlé tààrà láti inú ìwé Òyìnbó yóò yí ìtumọ̀ dà sódìkejì, yóò sì fi akẹ́kọ̀ọ́ sínú òkùnkùn. A rí ìdáhùn ìdánwò kan rí tí ọmọ náà ti kọ gbogbo rẹ̀ ní òdìkejì, tí ohun tí ó kọ sì bá orí rẹ̀ mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àṣìṣe olùtumọ̀ ni ó gba òdo fún. (Ní gbólóhùn tí ó kọjá, níbi tí a ti wí pé tíránsítọ̀ kejì “ṣí ọ̀nà sílẹ̀”, ìtumọ̀ ti Yorùbá ni a lò.)

Kí wá ni kí a pe ẹ̀rọ ọ̀nà kejì yìí? A kọ́kọ́ ronú sí “atànpa”, láti ara títan iná àti pípa iná. Ṣùgbọ́n ó dún létí bí ẹni tí ń tan ènìyàn lọ síbi ikú, ọ̀pọ̀ àwọn tí a bi sì rẹ́rìn-ín. A tún ronú sí “aṣẹ́jú”. Ó wù wá gidigidi. Ìṣẹ́jú, tí a fi ń ka àkókò, ti ara ṣíṣẹ́ ojú wá, ó sì bá a mu pé ẹ̀rọ tí ń pa ojú dé tí ó sì ń là á ní ìwọ̀n àkókò ni à ń wí. Àléébù méjì ni ó jẹ́ kí a fi í sílẹ̀. Nígbà tí Yorùbá bá wí pé iná ń ṣẹ́jú, àbùkù iná ni ó ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni iná tí ó jáde láti inú ẹ̀rọ yìí kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú rárá. Èkejì, nínú ìwé tí a kò fi àmì sí, “aṣẹ́jú” kò jìnnà tó sí “àṣejù”, tí ó jẹ́ ohun kan náà tí ẹ̀rọ náà wà láti dá lẹ́kun.

Ọ̀rọ̀ tí a fara mọ́ ni “abùwọ̀n”, láti ara bíbù àti wíwọ̀n. Ẹni tí ó fẹ́ omi díẹ̀ láti inú àgbá ńlá kò nílò láti dí ẹnu àgbá; ó kàn ní láti fi igbá bu ìwọ̀n tí ó fẹ́, kí ó dà á sínú ìkòkò, kí ó sì tún bù nígbà tí ó bá yẹ. Ìdá àkókò tí tíránsítọ̀ fi ń so ni a ó wá máa pè ní “ìdá-bíbù”. Bí ìdá-bíbù bá jẹ́ 0.1, fóltì 12 di 1.2, bí ó bá jẹ́ 0.25, ó di 3. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi orúkọ náà ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀, kò sì sí ohun tí olùkọ́ tún lè béèrè lọ́wọ́ ọ̀rọ̀-ìperí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwòrán igbá àti àgbá yìí ní ààlà tirẹ̀, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Omi tí a bù kì í pọ̀ ju iye tí a bù. Ṣùgbọ́n nínú abùwọ̀n, ìṣàn tí ó jáde lè jẹ́ áńpíà 50 nígbà tí èyí tí ó wọlé kò ju bí 5 tàbí 6 lọ. Kì í ṣe idán. Áńpíà 50 ni ó ń sàn nínú kóìlì ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá àkókò péré ni ó fi ń ti ọ̀dọ̀ fóltì 12 wá. Ní àkókò tí ó kù, kóìlì fúnra rẹ̀ ni ó ń tì í. Ohun tí kò lè pọ̀ sí i ni agbára, èyí tí a fi wọ́ọ̀tì wọ̀n.

4. Kí ni ó ń dọ́gba pẹ̀lú kí ni?

Abùwọ̀n nìkan kò tó. Bí a bá fi ìdá-bíbù sí 0.1 tí a sì kúrò níbẹ̀, fóltì yóò máa lọ sókè sódò bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá ṣe ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ó ń sinmi. Ohun tí ó mú ẹ̀rọ yìí yàtọ̀ ni pé ó ń wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Okùn kan ń ti ẹnu ọ̀nà àbájáde padà sí ibi ìdarí. Níbẹ̀ ni a ti ń fi fóltì tí ó jáde wé òṣùwọ̀n kan. Bí ó bá dín sí òṣùwọ̀n, ìdá-bíbù yóò pọ̀ sí i. Bí ó bá ju òṣùwọ̀n lọ, yóò dín kù. Fún ìwífún tí ń padà wá yìí, a kò ní láti dá ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Ẹni tí a rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ jábọ̀ fún ẹni tí ó rán an. “Ìjábọ̀” ni.

Nípa orúkọ ẹ̀rọ náà gan-an, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sọ pé “sítébíláísà” ni, nítorí pé èyí ni wọ́n mọ̀ nínú ilé lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti fìríìjì. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lóòótọ́, nítorí sítébíláísà náà ń fi ohun tí ó jáde wé òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ti ilé kì í yí padà láti ìgbà tí a ti ṣe é. Ìdí nìyí tí “amúdúró” fi lè bá a mu, tí kò sì lè bá tiwa mu: fóltì tí ẹ̀rọ tiwa ń mú wá kì í dúró sójú kan. “Olùdarí” náà wà, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ní olùdarí, ìpàdé ní olùdarí, ẹgbẹ́ akọrin ní olùdarí; kò sọ ohunkóhun pàtó fún wa mọ́.

“Amúdọ́gba” ni a yàn. Ìdí rẹ̀ ni pé nǹkan kan kò lè dá dọ́gba. Ó gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú òmíràn. Ẹni tí ó bá gbọ́ “amúdọ́gba fóltì” yóò béèrè pé: kí ni ó ń mú un dọ́gba pẹ̀lú? Ìbéèrè yẹn gan-an ni ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ náà, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. “Adínkù” kò lè mú ẹnikẹ́ni béèrè irú rẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ wa kan tí ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa ta ko ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní nínú àwọn ẹ̀rọ tí a ṣe fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà òde òní, a mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kí fóltì relẹ̀ díẹ̀ bí ìṣàn bá ti ń pọ̀ sí i. Bí ó bá dà bí ẹni pé ìdènà tí ó jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún óòmù wà lójú ọ̀nà, fóltì yóò fi 0.1 relẹ̀ nígbà tí ìṣàn bá di áńpíà 100. Òtítọ́ ni ó sọ. Ìdí tí a fi ń ṣe é ni pé nígbà tí ọpọlọ náà bá ṣíwọ́ iṣẹ́ lójijì, fóltì máa ń fò sókè. Bí ó bá ti wà nísàlẹ̀ díẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní fò kọjá ààlà. Ó ní, níbo wá ni dídọ́gba wà? Èsì wa ni pé òṣùwọ̀n ni ó relẹ̀. Ohun tí ó jáde sì ń bá a dọ́gba síbẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn tán sí èsì náà. A gbà pé ọ̀rọ̀ náà gba àlàyé kan níbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó gba àlàyé sàn ju èyí tí ń ṣini lọ́nà lọ.

5. Ta ni ń pàṣẹ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé le jù ni èyí. “Tí a lè ṣètò”, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí a yẹ̀ wò ti pè é, jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ènìyàn kan ń kọ ètò sínú ẹ̀rọ náà bí a ṣe ń kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìtàn rẹ̀ yóò fi hàn wá pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọpọlọ 8086 tí Intel ṣe ní 1978 ń lo fóltì 5, gẹ́gẹ́ bí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí ó yí i ká. Pentium àkọ́kọ́ ti 1993 náà ń lo fóltì 5. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ní 1994 bọ́ sí nǹkan bí 3.3. Nígbà tí Pentium MMX dé ní 1997, inú rẹ̀ ń lo 2.8, etí rẹ̀ tí ó fi ń bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀ sì ń lo 3.3. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé agbára tí ọpọlọ náà ń jẹ ń tẹ̀ lé fóltì tí a sọ di ìlọ́po ara rẹ̀: bí a bá mú un láti 1.2 wá sí 1.0 láìdín eré rẹ̀ kù, nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún agbára náà yóò dín kù. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí à ń wí yẹn, ènìyàn ni ó ń pàṣẹ. Lórí ọ̀pọ̀ pátákó kọ̀ǹpútà, àwọn jọ́ńpà kéékèèké wà tí atúnkọ̀ǹpútàṣe gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tò gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtọ́ni ti wí. Ẹni tí ó bá tò ó fún fóltì 3.3 nígbà tí 2.8 ni ó yẹ kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n, bí ọpọlọ náà bá ti ń gbóná.

Pentium Pro, tí ó jáde ní ìparí 1995, ti gba ọ̀nà mìíràn. Ẹsẹ̀ mẹ́rin wà lára rẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kí wọ́n sọ ìwọ̀n fóltì tí ọpọlọ náà ń fẹ́ lọ. Nílé-iṣẹ́ tí a ti ṣe é ni wọ́n ti so àwọn kan nínú ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì fi àwọn mìíràn sílẹ̀ láìso. Èyí tí a so jẹ́ òdo, èyí tí a kò so jẹ́ ení. Òdo mẹ́rin túmọ̀ sí fóltì 3.5, a sì ń fi 0.1 sọ̀ kalẹ̀ títí dé 2.1. Irú èyí tí ń lo fóltì 3.3 yóò sọ pé 0010. Irú tí ń lo 3.1 yóò sọ pé 0100. Amúdọ́gba kà á kí ó tó tú iná sílẹ̀, ó sì fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Èyí tí ó wù wá jù ni 1111. Bí kò bá sí ọpọlọ kankan nínú ihò rẹ̀, kò sí ẹsẹ̀ tí a so mọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò sì di ení láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi fún 1111 ní ìtumọ̀ pé “kò sí ẹni nílé”, amúdọ́gba kò sì gbọdọ̀ mú fóltì kankan wá. Àìsí ẹni di àṣẹ.

Lẹ́yìn èyí, ẹsẹ̀ náà ń pọ̀ sí i. Pentium II ti 1997 lo márùn-ún. Nígbà tí ó yá ó di mẹ́fà, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì di fóltì 0.0125, ó tún di mẹ́jọ, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan di 0.00625. Ṣùgbọ́n ìyípadà tí ó tóbi jù kì í ṣe ti iye. Láti 2000 ni àwọn ọpọlọ kọ̀ǹpútà alágbèéká, ti Intel àti ti AMD, ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí àṣẹ wọn padà lẹ́nu iṣẹ́: bí iṣẹ́ bá dẹ̀, wọ́n a béèrè fún fóltì tí ó kéré, bí iṣẹ́ bá dé, wọ́n a béèrè fún púpọ̀. Láti 2011 ni Intel ti fi okùn mẹ́ta péré rọ́pò ọ̀wọ́ ẹsẹ̀ wọ̀nyí, tí àmì àṣẹ ń gba ara wọn kọjá ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, tí amúdọ́gba sì lè dáhùn padà. Wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nínú gbogbo èyí, kò sí ètò kankan tí ẹnikẹ́ni kọ. Àṣẹ ni ó ń jáde láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń jẹun sí ẹni tí ń bu oúnjẹ. Ìdí nìyí tí a fi dábàá “agbàṣẹ”. Orúkọ náà ní kíkún yóò jẹ́ “amúdọ́gba fóltì abùwọ̀n agbàṣẹ”. Nígbà tí ìjíròrò bá ti wọra, “amúdọ́gba agbàṣẹ” tó. Kí àwọn atẹ̀wé kíyèsára nípa àmì ohùn: “agbàṣẹ” ti ara àṣẹ wá, kì í ṣe ti ara iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ẹ̀rọ wa di agbaṣẹ́ṣe tí ń wá owó ìjọba.

6. Èyí tí kò tí ì yanjú

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò tí ì rí ojútùú tí ó tẹ́ wa lọ́rùn. Nígbà tí ìṣàn bá tó áńpíà 100, abùwọ̀n kan ṣoṣo kò lè dá a gbé. A máa ń fi mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí olúkúlùkù gbé 25. Wọn kì í bù lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí èkíní bá ti bù tán ni èkejì yóò bù, kí ìgbì orí fóltì lè kéré. “Fésì” tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò fún okùn mẹ́ta orí òpó iná wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n yóò mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ohun kan náà ni. “Ọ̀wẹ̀” kò bá a mu, nítorí gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ọ̀wẹ̀. Àwòrán tí ó sún mọ́ ọn jù ni ti àwọn obìnrin mẹ́ta tí ń gún iyán nínú odó kan: ọmọ odó ti ọ̀kan ń lọ sílẹ̀ bí ti èkejì ti ń bọ̀ lókè, wọn kì í sì í kọlu ara wọn. A kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó gbé èyí jáde. Fún ìgbà díẹ̀, a ń lo “abùwọ̀n ẹlẹ́ka-mẹ́rin”, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ka kò sọ ohunkóhun nípa gbígbà fún ara ẹni. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti lò ó nínú kíláàsì, tàbí tí wọ́n ní èyí tí ó dára jù lọ́wọ́, ni a ń retí ìwé wọn.